Ṣé ìborí 1-0 tó burú lójú ni ká máa fẹ́, àbí bọ́ọ̀lù tó dùn-ún wò? Ẹ bá wa dá sí i

Onílé_Ìwòran

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán nílé ìwòran. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti borí pẹ̀lú 1-0, tí bọ́ọ̀lù ọ̀hún ò dùn-ún wò, apá kan á máa jó, apá kejì á ní ṣé ohun táwọn sanwó wá wò nìyí. Ẹ jẹ́ ká fi ti Super Eagles níbi AFCON (ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà) tó wáyé ní Côte d'Ivoire níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ṣe àpẹẹrẹ, torí bóyá la fi rí ẹni tí kò wò ó nínú wa. José Peseiro, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà náà, to ará ẹ̀yìn mẹ́ta: Semi Ajayi, William Troost-Ekong àti Calvin Bassey. A gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Equatorial Guinea. Lẹ́yìn ìyẹn, 1-0, 1-0, 2-0, 1-0: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin léraléra tẹ́nikẹ́ni ò rí àwọ̀n Stanley Nwabali, kípà wa. South Africa gbá 1-1 pẹ̀lú wa, pẹnárítì ló yọ wá. Lápapọ̀, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7, góòlù 8 la jẹ, 4 ló wọlé wa. Ẹgbẹ́ tó ní Osimhen àti Lookman níwájú o! Góòlù kan ṣoṣo ni Osimhen jẹ. A dé àṣekágbá, Côte d'Ivoire nà wá 2-1.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé ó yẹ kí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù fara mọ́ irú ìborí bẹ́ẹ̀, àbí kó fárí gá? Kí lèèyàn lè máa wò tí yóò fi mọ̀ bóyá ètò ló gbé ẹgbẹ́ òun borí tàbí oríire? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé "ife ni mo fẹ́" tàbí "bọ́ọ̀lù aládùn ni mo fẹ́". Ẹ sọ ohun tójú lè rí lórí pápá.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá_Kékeré

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé e wá, ọ̀gá. Èmi fara mọ́ ìborí tó burú lójú, àmọ́ oríṣi méjì ló wà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká dà wọ́n pọ̀. Nínú ọ̀kan, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló yàn bẹ́ẹ̀: wọ́n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún alátakò, ṣùgbọ́n àwọn ló ń pinnu ibi tí alátakò máa gbé e dé. Nínú èkejì, alátakò ló tì wọ́n wọlé, wọ́n wá ń gbá bọ́ọ̀lù jù síbi tó bá ṣáà ti bọ́ sí. Méjèèjì lè parí sí 1-0. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù nìkan ò ní rí ìyàtọ̀ wọn láé.

Ẹ mú ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù fún bíi ìṣẹ́jú 10 ní abala àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ wo àlàfo. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ alátakò, láti ọ̀dọ̀ ará ẹ̀yìn tó kẹ́yìn (ẹ yọ kípà kúrò) dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà níwájú pátápátá, ẹgbẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í sábà jẹ́ kó ju mítà 30 sí 35 lọ. Láàárín ìlà kan sí ìlà kejì, bíi mítà 10. Kò sẹ́ni tó máa gbé téèpù wọ pápá, nítorí náà ẹ fi éétìn-yáàdì, àpótí ńlá tó wà níwájú ilé, wọ̀n ọ́n: mítà 16 àti ààbọ̀ ni láti ìlà ilé dé ìlà éétìn. Bí àlàfo àárín àwọn ará ẹ̀yìn àti àwọn ará àárín bá ti tó odidi éétìn kan, ibẹ̀ ni nọ́ńbà 10 alátakò (ẹni tó ń pín bọ́ọ̀lù fún àwọn iwájú) á ti máa gba bọ́ọ̀lù, tá á yí padà, tá á dojú kọ ilé. Bí ẹgbẹ́ yẹn bá borí lọ́jọ́ náà, oríire ni.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù sílé. Bọ́ọ̀lù 15 láti ìta éétìn kò dẹ́rù bani tó mẹ́ta péré tí wọ́n gbá láti ìtòsí ojú pẹnárítì, níbi mítà 11. Ẹ máa fi fóònù sàmì sí i: àmì kan fún ìta, àmì mìíràn fún inú. Lẹ́yìn èyí, bọ́ọ̀lù kejì. Bí Bassey bá forí gbá a jáde, ta ló kọ́kọ́ débẹ̀? Bó bá jẹ́ pé ìgbà mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló jẹ́ ọmọ tiwa, ètò wà. Bó bá jẹ́ pé alátakò ló ń he é ṣáá, ogun náà ò ní í tán títí rẹfirí á fi fọn fèrè.

Ní ti AFCON yẹn, ètò wà gan-an lọ́jọ́ tá a na Cameroon 2-0. Ibi tó ti bà jẹ́ ni àṣekágbá, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Ìṣẹ́jú 38, kọ́nà, Troost-Ekong forí kàn án, 1-0. Abala kejì dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Simon Adingra wà lápá òsì wọn, bọ́ọ̀lù ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáá, ẹni tó ń kò ó lójú kò sì rí olùrànlọ́wọ́ nígbà gbogbo. Ìṣẹ́jú 62, Adingra gbá kọ́nà, Franck Kessié forí kàn án wọlé. Ìṣẹ́jú 81, Adingra tún gbé e láti apá òsì, Sébastien Haller yọ síwájú Troost-Ekong, ó na ẹsẹ̀ sí i, ó wọlé. Èèyàn kan náà, apá kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tó fà á ni pé nígbà tí ará ẹ̀yìn márùn-ún (mẹ́ta yẹn àti méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn) bá ti wọ inú éétìn tán, wíńgì, ìyẹn etí pápá, á ṣófo. Èyí tó tún burú jù ni pé Osimhen jìnnà sí gbogbo èèyàn, bọ́ọ̀lù tá a bá gbá jáde ń padà wá láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ borí láìwuyì gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbájáde: ẹnì kan níwájú tó lè gba bọ́ọ̀lù dúró, àti ẹnì kan tó sún mọ́ ọn. Láìsí ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni alátakò nílò.

Ọmọ_Adamásìngbà

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ẹ wo àwọn ọjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ wá mọ́ bọ́ọ̀lù. AFCON 1994 ní Tunisia, Finidi George lápá ọ̀tún, Emmanuel Amunike lápá òsì, a na Zambia 2-1 ní àṣekágbá, Amunike ló jẹ méjèèjì. Òlíńpíìkì Atlanta 1996, Brazil ti jẹ 3-1. Victor Ikpeba dá ọ̀kan padà, Kanu Nwankwo sọ ọ́ di 3-3 nígbà tí àkókò ti ń tán lọ, ó tún jẹ ìkẹrin ní àfikún àkókò. Argentina ní àṣekágbá, 3-2. Ẹgbẹ́ tí ohun tó mọ̀ kò ju bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ 1-0, bí wọ́n bá jẹ 3-1 sílé rẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Kò gbìyànjú ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú kò lè kọ́ ọ ní ìṣẹ́jú 80.

Ọ̀rọ̀ kejì. Owó tí wọ́n ń fún ẹni tó gba ife, inú àpò ẹgbẹ́ àti àjọ ló ń lọ. Ohun tí òǹwòran mú lọ sílé ni ìṣẹ́jú 90 tó lò. Ẹni tó san owó ìwọlé ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé kí wíńgà gé èèyàn, kí wọ́n gbìyànjú nǹkan. Bá a bá ń pàtẹ́wọ́ fún gbogbo 1-0, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń bẹ̀rù kò ní rí ìdí tó fi yẹ kó yí padà.

Ẹ̀yìn_Mẹ́rin

Àbúrò, ẹ̀yà Super Eagles tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn náà ló máa jẹ́ ẹlẹ́rìí mi. Ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1994, nítòsí Boston, World Cup, Italy. Amunike jẹ góòlù ní ìṣẹ́jú 25. Gianfranco Zola wọlé ní abala kejì, kò pẹ́ tó fi gba káàdì pupa ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 75. Italy ku èèyàn mẹ́wàá, a ń borí 1-0, ó ku bíi ìṣẹ́jú 15. Ìṣẹ́jú 88, Roberto Mussi gbé bọ́ọ̀lù wọ inú éétìn, ó tì í fún Roberto Baggio, ó rọra gbá a sí kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Peter Rufai. Àfikún àkókò, Augustine Eguavoen ṣubú lu Antonio Benarrivo, pẹnárítì, Baggio, 2-1. Ẹgbẹ́ tó dùn-ún wò jù tá a ní rí, ohun tó ṣe é ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìṣẹ́jú 15 ṣòfò. Brazil 1982 náà bẹ́ẹ̀: ọ̀mì ti tó wọn pẹ̀lú Italy, wọ́n ti dá a padà sí 2-2, wọ́n ṣì ń dà lọ síwájú, Paolo Rossi jẹ ìkẹta.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa wá lójú ẹgbẹ́ yín láti ìṣẹ́jú 75 lọ bó bá ń borí pẹ̀lú ẹyọ kan.

Bí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù, páàsì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kúrò lápá tí wọ́n ti gbà á, torí ibẹ̀ ni alátakò pọ̀ sí. Kí wọ́n gbá a láàárín ara wọn ó kéré tán ìgbà márùn-ún kẹ́nikẹ́ni tó ronú àtigbé e sí iwájú ilé. Bí wọ́n bá ń lọ síwájú, èèyàn márùn-ún gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, yàtọ̀ sí kípà: mẹ́ta ní ìlà ẹ̀yìn, méjì níwájú wọn. Níbi àsíá kọ́nà, èèyàn méjì ni iṣẹ́ náà gbà: ọ̀kan á fi ara bo bọ́ọ̀lù, ìkejì á dúró sí bíi mítà márùn-ún láti gba páàsì kúkúrú tàbí kó gba tiróò. Tiróò kan tó já sí tiwa lọ́wọ́ iwájú, bíi ìdajì ìṣẹ́jú nìyẹn. Bí alátakò bá ku mẹ́wàá, kí àwọn wíńgà tẹ̀ mọ́ ìlà, kí pápá fẹ̀, kí mẹ́wàá máa sáré iṣẹ́ èèyàn mọ́kànlá. Kí ẹnikẹ́ni má gbá alátakò lulẹ̀ láàárín mítà 30 sí ilé wa. Fìríkíìkì ibẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ tá a fún wọn.

Ibi tó sábà máa ń bà jẹ́: akọ́nimọ̀ọ́gbá á yọ agbábọ́ọ̀lù iwájú ní ìṣẹ́jú 70, á fi ará ẹ̀yìn kẹfà sí i. Gbogbo ènìyàn á rò pé ilé ti le. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù dúró ló yọ yẹn, bọ́ọ̀lù kò ní jáde mọ́. Bí òfin ìpààrọ̀ ṣe rí báyìí, èèyàn márùn-ún nínú àǹfààní mẹ́ta (èyí tí wọ́n bá ṣe nígbà ìsinmi abala àkọ́kọ́ kò sí lára mẹ́ta ọ̀hún), ó dáa kí wọ́n lo àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú 60 sí 65 fún àwọn wíńgà tó ti rẹ̀, èkejì ní bíi 75 fún ẹni tó máa sáré láàárín, kí wọ́n sì fi ọ̀kan pamọ́ di ẹ̀yìn ìṣẹ́jú 88. Ní 1994, méjì ni, àti kípà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dá Westerhof, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà náà, lẹ́bi ju bó ṣe yẹ lọ.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Iṣẹ́ ń bẹ nínú 1-0 tẹ́ ẹ̀ ń pè ní èyí tó burú lójú yẹn.

Rẹfirí_Ìpínlẹ̀

Mo fẹ́ fi ààlà sí i, torí mo rí i táwọn kan ń pe àrékérekè ní ọgbọ́n. Fífi ara bo bọ́ọ̀lù níbi kọ́nà kò ṣẹ̀ sófin, níwọ̀n ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ṣì wà níbi tẹ́sẹ̀ rẹ̀ lè dé, tí kò sì fi ọwọ́ tàbí ìgúnpá lé èèyàn. Gbígbá a padà sẹ́yìn fún kípà kò ṣẹ̀ sófin náà, àmọ́ láti ọdún 1992, bí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá a sí i, kò gbọdọ̀ fọwọ́ mú un. Bó bá mú un, fìríkíìkì tí wọn kò lè gbá tààrà wọlé ni.

Èyí tó yí padà láìpẹ́: kípà tó bá fọwọ́ di bọ́ọ̀lù mú, ìṣẹ́jú àáyá 8 ló ní. Rẹfirí á nawọ́ sókè, á máa ka márùn-ún tó kẹ́yìn kí gbogbo ènìyàn rí i. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kọ́nà ni fún alátakò. Òfin yìí bẹ̀rẹ̀ lágbàáyé láti sáà 2025 sí 2026. Tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 6 ni, fìríkíìkì ni ìyà rẹ̀, rẹfirí kì í sì í fẹ́ fọn ọ́n torí ìyà náà pọ̀ jù fún ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún. Nítorí náà, kípà tó ń dùbúlẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú 89, ewu ló ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ sí. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹni tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ gbọ́dọ̀ jáde níbi ìlà tó sún mọ́ ọn jù; rínrìn gbẹ̀fẹ́ gba àárín pápá kọjá ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 2019. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù sá lẹ́yìn fèrè tàbí tó gbá a jù nù, káàdì yẹ́lò. Ẹni tó bá ṣe bí ẹni tó farapa, yẹ́lò náà ni. Bí dókítà bá sì wọlé tọ́ ọmọ ìta kan (agbábọ́ọ̀lù tí kì í ṣe kípà), lọ́pọ̀ ìgbà ó gbọ́dọ̀ jáde kó tó padà, ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi mẹ́wàá gbá fún ìgbà díẹ̀. Mo ti sọ ọ́ pé "ọmọ ìta": ti kípà yàtọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kẹ́ni tiyín máa ṣubú, ẹ rò ó pé ìgbà tí kọ́nà alátakò bá tẹ̀ lé e ńkọ́?

Ìyá_Òǹwòran

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti àwa tá a wà lórí ìjókòó, torí òǹwòran wà lára ohun tó ń ba 1-0 jẹ́, kò sì sẹ́ni tó mẹ́nu bà á.

Bí ará ẹ̀yìn bá gbé bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú 70, tí ìjókòó bá kígbe "ẹ gbé e lọ síwájú!", ọmọ tọ́kàn rẹ̀ ò balẹ̀ á gbá a lọ sókè réré. Bọ́ọ̀lù ti di ti alátakò nìyẹn, àwa la fún wọn. Ní pápá kékeré tí ìjókòó sún mọ́ ìlà, gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ fi ariwo sí ibi tó ti wúlò: nígbà tí alátakò bá fẹ́ gbá kọ́nà, kí wọ́n má bàa gbọ́ ara wọn, nígbà tí ọmọ tiwa bá gba tiróò lọ́wọ́ iwájú, àti nígbà tí wíńgà wa bá sáré padà wá ran ará ẹ̀yìn lọ́wọ́. Ìkẹta yẹn ni a máa ń gbójú fò. Bó bá sáré mítà 50 padà tẹ́nikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́, kò ní í tún un sá lẹ́ẹ̀kejì.

Bó o bá sì fẹ́ bínú, bínú ní ìsinmi tàbí lẹ́yìn fèrè. Mo fara mọ́ Ọmọ_Adamásìngbà pé ẹ̀tọ́ wa ni láti béèrè bọ́ọ̀lù tó dára. Àsìkò tí à ń béèrè ló máa ń ṣì wá.

Oníṣirò_Líìgì

Kò sẹ́ni tó ya líìgì sọ́tọ̀ kúrò lára ìdíje kò-mẹsẹ̀-ó-yọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà.

Àmì mẹ́ta fún ìborí bẹ̀rẹ̀ ní England ní 1981, World Cup gbà á ní 1994. Méjì ni tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ohun tó yí padà: ọ̀mì mẹ́ta, àmì 3. Ìborí kan àti ìpàdánù méjì, àmì 3 náà. Ìyẹn ni pé nínú líìgì, ẹgbẹ́ tó ń fara pamọ́ tó sì ń parí sí 0-0 kò rí èrè kankan ju ẹgbẹ́ tó ń dà síta, tó ń pàdánù, tó sì ń borí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìborí tó burú lójú lérè. Ọ̀mì tó burú lójú, láàárín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, ìyà ni. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ rẹ bá ń gbá 0-0 ní ilé ara rẹ̀ léraléra, má gbà kẹ́nikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ "ètò" tàn ọ́.

Leicester City 2015 sí 2016 ni kẹ́ ẹ fi kọ́ṣẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ sáà, ilé wọn ṣí sílẹ̀, Arsenal jẹ 5-2 sí wọn lára. Claudio Ranieri, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ṣèlérí píísà fáwọn ọmọ náà bí wọ́n bá lè gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan láìjẹ́ kí góòlù wọlé. Wọ́n na Crystal Palace 1-0 ní oṣù kẹwàá, wọ́n jẹ píísà wọn. Láti ìparí oṣù kejì dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin 2016, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà: Norwich 1-0, West Brom 2-2, Watford 1-0, Newcastle 1-0, Crystal Palace 1-0, Southampton 1-0. Àmì 16 nínú 18. Àmì 81 ni wọ́n fi gba líìgì. Ẹ kíyè sí i pé ẹgbẹ́ kan náà ló gbá bọ́ọ̀lù aládùn nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n ń ṣọ́, tó sì ti ilẹ̀kùn nígbà tí ohun ìṣọ́ dé.

Fún ìdíje onílé àti àlejò, àwọn ará Ìbàdàn kò nílò ẹ̀kọ́ láti òkèèrè. CAF Cup 1992: Shooting Stars gbá 0-0 pẹ̀lú Villa ní Uganda. Ẹni tó bá rí 0-0 yẹn nìkan á ní kò sí bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Wọ́n délé, wọ́n jẹ 3-0, ife dé. Ní 1996, àṣekágbá ife àwọn akọni Áfíríkà, wọ́n na Zamalek 2-1 nílé, wọ́n pàdánù 2-1 ní Egypt, pẹnárítì ló gba ife lọ́wọ́ wọn. Góòlù kan ṣoṣo tó wọlé nílé, òun ló da gbogbo ẹ̀ rú. Ní ìdíje ẹlẹ́sẹ̀ méjì, 1-0 nílé lè níye lórí ju 2-1 lọ lójú òǹwòran tó mọ ìṣirò, torí alátakò tó bá fẹ́ yọ ọ́ lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ jáde wá, àyè kántà (kí wọ́n gba bọ́ọ̀lù kí wọ́n sì sáré gbé e lọ síwájú) á sì ṣí.

Ti ìpele ẹgbẹ́ ní AFCON: ẹgbẹ́ 24, ìpín 6, ẹgbẹ́ mẹ́rin tó ṣe dáadáa jù nínú àwọn tó gba ipò kẹta ń tẹ̀ síwájú. Àmì 4 sábà máa ń tó. Bí àmì bá dọ́gba, wọ́n kọ́kọ́ ń wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àárín àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó ti ní àmì 4 kó tó gbá ẹ̀kẹta, bó bá ń rọra gbá a, kò ṣẹ̀ ẹ́.

Onílé_Ìwòran

Ọlọ́run á san yín lóore. Ẹ jẹ́ kí n tún bi yín lẹ́ẹ̀kan: ìgbà wo ni kí olólùfẹ́ jáwọ́ nínú sùúrù? Torí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè máa sọ "a ṣáà borí" títí sáà á fi tán.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá_Kékeré

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ọ̀gá. Èsì kì í tètè sọ òótọ́, ohun tá a kọ sílẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ẹ ka bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá láti inú éétìn, tiwa àti tiwọn, fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà léraléra. Bí tiwọn bá ju tiwa lọ nínú mẹ́rin, tá a sì ń borí síbẹ̀, kípà ló ń gbé ẹgbẹ́, ó sì máa rẹ̀ ẹ́. Ẹ béèrè àyípadà nígbà tá a ṣì ń borí. Bí kò bá pọ̀ ju tiwa lọ, ẹ ní sùúrù.

Ẹ wo Chelsea méjì. Ti 2004 sí 2005 lábẹ́ José Mourinho: góòlù 15 ló wọlé wọn nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, àmì 95, wọ́n sì tún gba líìgì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ètò nìyẹn. Ti 2012, àṣekágbá Champions League ní Munich, John Obi Mikel wà láàárín: Bayern gbá kọ́nà 20, Chelsea gbá ẹyọ kan, Didier Drogba forí kan ẹyọ kan yẹn wọlé ní ìṣẹ́jú 88, Petr Čech mú pẹnárítì Arjen Robben ní àfikún àkókò, wọ́n gba ife. Ó dùn mọ́ gbogbo olólùfẹ́ wọn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n ní sáà tó tẹ̀ lé e, àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó di ife yẹn mú tí kò kọjá ìpele ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó lè máa jẹ́ kí wọ́n gbá kọ́nà 20 sí òun kó máa là á já.

Greece ní Euro 2004, ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, wà láàárín méjèèjì. France 1-0, Czech 1-0, Portugal 1-0 ní àṣekágbá. Góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orí ni wọ́n fi gbá a: Angelos Charisteas, Traianos Dellas, Charisteas lẹ́ẹ̀kan sí i. Méjì tó gbẹ̀yìn, láti kọ́nà. Ìyẹn ètò, torí Otto Rehhagel, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, mọ ibi tí góòlù òun máa ti wá. Àmọ́ orísun kan ṣoṣo ni, gbogbo ayé sì ti rí i: wọn ò yege fún World Cup 2006. Nítorí náà, ohun kejì tẹ́ ẹ máa béèrè rèé: ọ̀nà mélòó ni ẹgbẹ́ mi ń gbà jẹ góòlù? Kọ́nà, kántà, ìgbé-sí-iwájú-ilé láti wíńgì, páàsì gba àárín. Bó bá ti jẹ́ ọ̀kan péré láti bíi oṣù méjì, ẹ pariwo.

Ẹ̀yìn_Mẹ́rin

Mo fi kún un: ẹ ṣọ́ra fún òdìkejì rẹ̀. AFCON tó wáyé ní Cameroon ní oṣù kìíní 2022, Super Eagles lábẹ́ Eguavoen na Egypt 1-0, Sudan 3-1, Guinea-Bissau 2-0. Gbogbo ìlú ń yìn wọ́n, wíńgì ń tàn. Tunisia dé, wọ́n fún wíńgì pa, Youssef Msakni gbá ẹyọ kan láti ìta éétìn, Alex Iwobi wọlé, ó gba káàdì pupa, ó parí. Bọ́ọ̀lù tó dùn náà lè ní orísun kan ṣoṣo. Ẹ ka ọ̀nà tí ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń gbádùn ń gbà jẹ góòlù pẹ̀lú.

Ọmọ_Adamásìngbà

Kíka bọ́ọ̀lù inú éétìn yẹn, màá gbà á. Mi ò ní gbà á fún àwọn ọmọdé o. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 13, kò yẹ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ọmọ tó ga jù sẹ́yìn kó máa gbá a sókè fún ọmọ tó yára jù, kó wá máa sọ pé òun ń borí. Ọdún méjì sí i, àwọn yòókù á ga, wọ́n á yára, ọmọ méjèèjì ò sì ní mọ bí wọ́n ṣe ń gba bọ́ọ̀lù bí èèyàn bá wà lẹ́yìn wọn. Ẹ jẹ́ kí kípà wọn máa fi ọwọ́ yí i sílẹ̀, kí wọ́n máa gbá a jáde láti ẹ̀yìn, kí wọ́n pàdánù rẹ̀, kí góòlù wọlé. Ẹ máa yí ipò wọn padà láàárín sáà, kí ará ẹ̀yìn gbá wíńgì, kí wíńgà gbá ẹ̀yìn. Òbí tó bá ń kígbe èsì létí pápá, ẹ fún un ní ìwé àti bírò kó máa ka páàsì ọmọ rẹ̀.